Bí A Ṣe Gun Ọ̀kadà La Inú Ọyẹ́ Lọ Sọ Ọmọ Fúnkẹ́ Lórúkọ

Ẹ̀yin ará Aládé Ìdànrè tí ẹ rí wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ẹ ń pe ara yín jáde pé kí ẹ wá wo nǹkan, mo rí gbogbo yín. Mo rí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu, mo sì rí ẹni tó ń ya fọ́tò. Inú kò bí mi. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà lójú fèrèsé, tí mo rí ìyá àgbàlagbà kan nínú aṣọ funfun, tó wọ àpò kòkó sẹ́sẹ̀, lórí ọ̀kadà, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ ìnura, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín títí n ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ kiri ọjà kọ́ ló rí. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà lórí ọ̀kadà náà ròyìn rẹ̀.

Fúnkẹ́ àbúrò mi ló bímọ. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ní Èkìtì lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti ń retí ọmọ tipẹ́tipẹ́, ó pẹ́ débi pé a ti dẹ́kun bíbéèrè. Nígbà tí ìròyìn dé pé ó ti bí obìnrin, ariwo tí mo pa nínú ṣọ́ọ̀bù mi, oníbàárà tó ń yẹ súwẹ́tà wò lọ́wọ́ mi sá jáde, ó sì gbé súwẹ́tà lọ. Mo dárí jì í. Òkìrìkà ni mo ń tà, ẹ mọ̀ mí.

Ọjọ́ kẹjọ ni ìsọmọlórúkọ, ní àárọ̀, nínú ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ ní Ẹ̀fọ̀n. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ìyá wa. Àárín ọyẹ́ ni, irú ọyẹ́ tí ń la ètè, tí òkè wa yìí fúnra rẹ̀ ń pòórá lójú wa títí di ìyálẹ̀ta. Òtútù kò sì bá Màmá rẹ́. Atẹ́gùn kékeré báyìí ló máa fẹ́ sí wọn láyà, ikọ́ dé nìyẹn. Èmi àti Fúnkẹ́ ti fẹnu kò lórí fóònù pé kí Màmá dúró sílé, kí wọ́n sọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ fún mi, kí n bá wọn gbé e lọ. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Orúkọ wà lọ́kàn mi," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n n kò ní fi rán ẹnikẹ́ni. Ojú ọmọ ni n ó ti dá a."

"Ẹ sọ ọ́ fún Fúnkẹ́ lórí fóònù nígbà náà, Màmá."

"Ṣé fóònù ni Fúnkẹ́ bí ni?"

Fúnkẹ́ bẹ̀ wọ́n, èmi náà bẹ̀ wọ́n, kò sí ọ̀nà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé tiwa, a kì í ní ìyá àgbà láyé ká sọ ọmọ lórúkọ láìgba orúkọ lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá sọ ọmọ tí a ti ń retí látọjọ́ yìí lórúkọ, tí ti Màmá kò sí níbẹ̀, Fúnkẹ́ kò ní gbàgbé títí ayé. Bí ìyá wa ṣe borí wa nìyẹn. Mo háyà mọ́tò, mo sì kìlọ̀ fún awakọ̀ pé gbogbo gíláàsì rẹ̀ ni kí ó gbé sókè.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ lọ́jọ́ náà tí Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti wọ sùtánà funfun wọn, wọ́n sì ti bọ́ bàtà, nítorí nínú ìjọ tiwa, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà mọ́. Wọ́n ní àwọn ti fi aṣọ náà gbàdúrà ìrìn àjò, àwọn kò sì ní bọ́ ọ títí ọmọ yóò fi gba orúkọ. Mo ní kò burú, ṣebí inú mọ́tò ni.

Mọ́tò kọ̀. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò húkọ́. Ó tún un yí, ó húkọ́ kékeré. Lẹ́yìn náà kò sọ nǹkan kan mọ́. Awakọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀ sùn-ùn, ó ní ọyẹ́ ló mú un.

"Ọyẹ́ mú mọ́tò? Mọ́tò ní àyà ni?" Inú bí mi débi pé mo gbá táyà rẹ̀ nípàá. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ló jẹ ẹ́.

Ibi tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ kan tọ lójú títì ni Súlè ti bá wa. Ẹ mọ Súlè, aládùúgbò wa, bàbá àwọn ìbejì, tó ń fi ọ̀kadà kó kòkó láti Atosin wá sí Aládé. Mọ́sáláṣí ló ti ń bọ̀, ó ti kírun àsùbáà tán. Ó wo mọ́tò, ó wo Màmá, ó wo èmi tí mo di ẹsẹ̀ mú.

"Àǹtí, Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe òkè òkun," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ."

"Lórí ọ̀kadà? Nínú ọyẹ́ yìí? Súlè, kí ni ìyá mi fi ṣe ọ́?"

Kí n tó parí ọ̀rọ̀, Màmá ti di ìjókòó ọ̀kadà mú. "Súlè, èwo ni kí n gbé sókè, ẹsẹ̀ ọ̀tún tàbí tòsì?"

Mo ronú sí i. Bí a bá ní ká máa wá mọ́tò mìíràn, wọ́n á ti sọ ọmọ lórúkọ tán kí a tó kúrò nílé. Mo gbà.

Ẹ wá wo ìmúra. Súlè ní àyà ni òtútù ń gbà wọlé sára èrò ọ̀kadà, nítorí náà àyà la ó kọ́kọ́ tì pa. Ó fa páálí bisikíìtì ya, ó ki í bọ abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó wá wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sódì, ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì wà níwájú, síìpù wà lẹ́yìn, kí atẹ́gùn má baà rí ojú ihò kankan wọlé. Èmi ni mo bá a fa síìpù náà bí ẹni tó ń múra fún ìyàwó. A ki páálí bọ àyà Màmá pẹ̀lú lábẹ́ sùtánà, mo fi ìró mẹ́ta wé wọn nídìí, mo fi ìborùn di orí àti etí wọn, a fi òrí pa wọ́n lójú títí wọ́n fi ń dán.

Èmi ńkọ́? Èmi tí mo ta súwẹ́tà fún gbogbo ìlú, kò ku ẹyọ kan nílé mi. Mo tú ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀lì òkìrìkà mi. Ohun tó kù níbẹ̀ ni aṣọ ìnura kan tó nípọn, tí àwọn òyìnbó rán bí ẹ̀wù, tó lápá, tó ní fìlà lẹ́yìn, aláwọ̀ píǹkì, tí ẹnikẹ́ni kò rà láti ọdún tó kọjá. Mo wọ̀ ọ́. Awakọ̀ mọ́tò tí kò ṣiṣẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo sì wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

Ó wá ku ẹsẹ̀ Màmá. Mo mú ìbọ̀sẹ̀ wá. Wọ́n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Sùtánà ni mo wọ̀."

"Màmá, ìbọ̀sẹ̀ ni, kì í ṣe bàtà."

"Ohun tí wọ́n ń kì bọ inú bàtà, ìyàwó bàtà ni."

Súlè dá sí i. "Màmá, lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí la ń bọ́ bàtà sí, ṣùgbọ́n a máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ wọlé."

"O ṣé, Súlè. Lọ́jọ́ tí mo bá ń bọ̀ ní mọ́sáláṣí, n ó wọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Súlè. Ó lọ sídìí ọ̀kadà rẹ̀, ó tú àpò kòkó kan tó fi ń tẹ́ ẹrù, ó là á sí méjì. "Èyí ńkọ́, Màmá? Ṣé bàtà nìyí?"

Màmá gbà á, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Àpò nìyẹn."

"Ṣé òfin ìjọ sọ nǹkan nípa àpò?"

Màmá ronú. Èmi náà ronú. Kódà awakọ̀ mọ́tò tí kò ṣiṣẹ́ yẹn dúró, ó ń ronú.

"Òfin kò mẹ́nu kan àpò," ni Màmá wí, wọ́n sì na ẹsẹ̀ síwájú. Súlè fi àpò wé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dé orúnkún, ó fi rọ́bà inú táyà dì í gírígírí. Òórùn kòkó gba gbogbo ibẹ̀. Súlè wà níwájú, Màmá wà láàárín, èmi wà lẹ́yìn bí ògiri, ìgbà yẹn sì ni ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lójú fèrèsé.

Ọ̀nà Aládé sí Akúrẹ́, ojoojúmọ́ là ń rìn ín nínú mọ́tò, a kò mọ̀ ọ́n. Orí ọ̀kadà nínú ọyẹ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ síbi tí odò wà, òtútù á gbá wa létí gbàà. Bí a bá tún gun gegele, ara á rọ̀ díẹ̀, a ó mí. Igbó kòkó wà lọ́tùn-ún lósì, a kò rí i, òórùn rẹ̀ nìkan la ń gbọ́, tàbí ẹsẹ̀ Màmá ni. Súlè ń pariwo láti iwájú pé, "Ẹ fún mọ́ra o! Ẹ má fún atẹ́gùn láyè!" Fìlà ẹ̀yìn aṣọ ìnura mi kún fún atẹ́gùn, ó ń fà mí lọ́rùn sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni omi ń dà lójú mi, imú mi kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Mo fọwọ́ kàn án láti mọ̀.

Ẹ wá gbọ́ Màmá. Mo rò pé wọn yóò máa ké yéè. Kàkà bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tí a bá kọjá ni wọ́n ń kí. "Ẹ kú òwúrọ̀ o! Ẹ kú ọyẹ́ o! A ń lọ sọ ọmọ lórúkọ!" Kí onítọ̀hún tó yíjú, a ti lọ. Wọ́n kí àgbẹ̀, wọ́n kí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, ọlọ́pàá sì gbàgbé láti dá wa dúró. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, n kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀rín mú mi, ó mú Súlè, ọ̀kadà ń mì. Nígbà tí a fi máa kọjá ní Akúrẹ́, táwọn èèyàn ń dúró létí títì láti wò wá, èmi náà ti ń juwọ́ sí wọn bí ìyàwó gómìnà.

Ìgbàrà-Òkè la ti sọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ Súlè ti gan mọ́ bíréèkì, ó ní ká jẹ́ kí òun yáná díẹ̀ nídìí iná obìnrin kan tó ń dín àkàrà. Àkàrà ẹgbẹ̀rún kan náírà tiwọn pọ̀ ju tiwa ní Aládé lọ dáadáa, ó sì tóbi, ṣùgbọ́n ata wọn kò tó nǹkan. Ìyá alákàrà wo jákẹ́ẹ̀tì Súlè, ó wo ẹsẹ̀ Màmá, ó wo èmi pẹ́ jù.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ìdànrè ni, ìyá," ni Súlè dáhùn.

"Ṣé bí ẹ ṣe ń múra níbẹ̀ nìyí?"

"Ti ọjọ́ ìsinmi nìyí," ni mo wí. "Ẹ ò tíì rí ti ọdún."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé àkàrà jóná lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi èyí tó jóná ta wá lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n Màmá kò jẹ àkàrà tiwọn. Wọ́n gba àkàrà gbígbóná nínú ọ̀rá méjì, wọ́n ki ọ̀kan bọ abíyá ọ̀tún, wọ́n ki ọ̀kan bọ tòsì, wọ́n ní ká máa lọ. Mo ní, "Màmá, epo!" Wọ́n ní epo ń fọ̀, òtútù ni kì í fọ̀. Bí a ṣe fi àkàrà rin ìrìn àjò nìyẹn.

Láti ibẹ̀ la ti yà sí ọ̀nà Èkìtì. Súlè sọ pé Ìkógòsí kò jìnnà, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀, pé ká yà síbẹ̀, ká ki ọwọ́ bọ omi náà nìkan. Ní tòótọ́, ọkàn mi fà sí i. Màmá ní, "Ṣé ìgbafẹ́ la wá ṣe? Wa ọ̀kadà rẹ, jàre." Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu wọn nìyẹn fún ìgbà pípẹ́.

Nítorí nígbà tí òkè Ẹ̀fọ̀n bẹ̀rẹ̀, eré parí. A ní òkè ní Ìdànrè, a mọ òkè, ṣùgbọ́n òkè tiwa, àpáta ni, ó ń fi oòrùn àná pamọ́ sínú. Ti Ẹ̀fọ̀n jẹ́ igbó àti ìkùukùu, ọ̀nà ń lọ́ yípo, atẹ́gùn sì ń ti òkè wálẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀wù wa. Ọ̀kadà ń kérora. Mo ń sọ fún Màmá pé, "A ti ń dé o," wọn kò dáhùn. Mo tún pè wọ́n, wọn kò dáhùn. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kàn ń gbọ́ bí ara wọn ṣe ń gbọ̀n láàárín apá mi.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má parọ́. Mo ṣí aṣọ ìnura mi, mo fi wé àwa méjèèjì, mo fún wọn mọ́ àyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run jà. Mo ní tó bá jẹ́ pé nítorí orúkọ ni n ó fi pàdánù ìyá mi, kí ọmọ náà máa jẹ́ "Ọmọ Fúnkẹ́" títí ayé. Mo pariwo mọ́ Súlè pé kí ó sáré, mo tún pariwo mọ́ ọn pé kí ó má sáré jù. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń wà á lọ.

Ó kù díẹ̀ kí àdúrà parí nígbà tí a wọ inú ìjọ. Ẹ fojú inú wò ó: gbogbo èèyàn wà nínú funfun, wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, a sì ya wọlé, ọkùnrin tó wọ jákẹ́ẹ̀tì sódì, obìnrin tó wọ píǹkì, a gbé ìyá kan sáàárín tó ń rùn bí kòkó àti àkàrà. Àwọn àna dìde, wọ́n ń fi Èkìtì kí wa, pé ẹ kú ọ̀nà, ẹ wọ ulé. Ilé ni wọ́n ń pè ní ulé. Tiwa ní Ìdànrè ni ulí, a kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Súlè ti tú àpò kúrò lẹ́sẹ̀ Màmá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ wọn funfun bí ẹfun.

Wòlíì ti gba orúkọ lọ́wọ́ bàbá ọmọ, ó ti gbà á lọ́wọ́ àwọn òbí ọkọ. Ó kọjú sí Màmá. "Ìyá àgbà, a dúpẹ́ pé ẹ dé. Kí ni ẹ sọ ọmọ yìí?"

Màmá ya ẹnu. Eyín ló dáhùn. Ká-ká-ká-ká. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n tún yà á. Ká-ká-ká.

Wọ́n gbé tíì gbígbóná wá, tíì dà sí wọn láyà. Wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, gbogbo aṣọ náà ń gbọ̀n. Fúnkẹ́ ń wò mí, omi ti dúró lójú rẹ̀. Àgbà kan nínú àwọn àna sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ pé kí wòlíì máa parí àdúrà, pé bí ara ìyá bá yá tán wọ́n lè máa pe ọmọ ní ohun tó bá wù wọ́n. Ó sọ ọ́ dáadáa, kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bọ́ síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni mo wí, "ìyá mi kò gun ọ̀kadà wá láti Ìdànrè wá sọ ọmọ lórúkọ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn!" Mo gbàgbé pé aṣọ ìnura ni mo wọ̀. Mo nàka pẹ̀lú.

Fúnkẹ́ dìde, ó gbé ọmọ náà nínú aṣọ òtútù rẹ̀, ó yọ páálí kúrò láyà Màmá, ó sì tẹ́ ọmọ síbẹ̀. Ọmọ náà gbóná bíi mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra. Wọ́n tẹ orí ba, wọ́n fi àgbọ̀n kan orí rẹ̀. Ká-ká yẹn ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó wá dúró.

"Mosúnmọ́lá," ni Màmá wí.

Hùn! Ariwo tí ìjọ pa, ọmọ náà jí, òun náà figbe ta. Wòlíì pè é lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo wa dáhùn. Súlè tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ń fi etí àpò kòkó nu ojú, ó ní ọyẹ́ ló kó sí òun lójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu iyán fún wa, uyán lẹ́nu tiwọn, ó funfun, ó sì gbóná, a jẹ ẹ́ títí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Èmi náà bọ́ aṣọ ìnura. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi mí níye tí mo ń tà á.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti mú, la padà. Àwọn àna fẹ́ wá mọ́tò fún wa, Màmá ní àwọn ti mọ ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ sí lórí ọ̀kadà Súlè. A dé Aládé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin náà tún yọjú. Mo mú Màmá wọlé, mo gbé omi gbígbóná sílẹ̀ fún wọn nínú báàfù, mo ń fi aṣọ nu ẹsẹ̀ wọn. Mo wá bi wọ́n léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn bọ̀ lọ́nà.

"Màmá, orúkọ yẹn, látìgbà wo lẹ ti ní i lọ́kàn?"

"Orúkọ wo?"

"Mosúnmọ́lá tí ẹ kò fẹ́ sọ lórí fóònù."

Wọ́n ki ẹsẹ̀ kejì bọ omi. "Kò sí orúkọ kankan lọ́kàn mi."

"Ẹn?"

"Òtútù mú mi lóòótọ́ nínú ìjọ, eyín mi sì gbọ̀n. Ṣùgbọ́n orúkọ ni mo ń wá. Mo wá a títí lórí òkè yẹn, ìdí tí n kò fi dá ọ lóhùn nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ náà lé mi láyà ni mo rí i."

Aṣọ tí mo fi ń nu ẹsẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Màmá! Ẹ ní orúkọ wà! Fúnkẹ́ sunkún! Èmi ń bá àna jà!"

"Bí mo bá ní kò sí orúkọ," ni wọ́n wí, "ṣé ẹ ó mú mi lọ?"

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fẹ́ rín, mo sì rín in, àmọ́ kò pẹ́ tí omi fi dà lójú mi, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù, mo gbé orí lé orúnkún ìyá mi. Èmi àti Fúnkẹ́ tí à ń ṣàánú wọn nítorí òtútù, àwa la fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà bá ti ṣẹlẹ̀ nílé wa, a kì í jókòó dámọ̀ràn mọ́ pé ṣé kí Màmá lọ. Màmá la kọ́kọ́ ń bi pé ọjọ́ wo ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn.